Kí Ẹ̀rọ Náà Tó Dé

Tọ́ọ̀nù mọ́kànlá ni wọ́n kọ sínú ìwé.
Màmá Fẹhíntọlá, opó ọ̀gá wa, kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó yọ awò ojú, ó nu ún, ó tún un kà.
"Erin mélòó nìyẹn?" ni Súnkànmí oníná bi wá.
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Erin kan ò tíì gba Òkè-Pádì kọjá rí.

Ẹnu ọ̀nà wa ò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ;
ìwé ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kó má dín ní ìka kan.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe wó ògiri iwájú,
ògiri tí a fi ọ̀dà búlúù kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí,
lẹ́tà kan ń wó tẹ̀lé èkejì,
títí ó fi ku TẸ̀WÉ nìkan tó dúró,
tí àwọn ọlọ́kadà ń kà á sókè bí wọ́n ti ń kọjá.

Ẹ̀rọ ńlá kì í ṣe àlejò tó ń sọ pé
ohunkóhun tí ẹ bá ní nílé ló tó.
Ó ní iná oníwáyà mẹ́ta ni òun ń mu.
Ó ní kí ilẹ̀ tẹ́ bí omi inú àwo.
Ó ní òun ò fẹ́ eruku.
Ní Ìbàdàn! Nínú oṣù kejì!
A rẹ́rìn-ín títí Làmídì bíríkìlà fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la fọ́ ilẹ̀ àtijọ́.
Níbi tí àpótí lẹ́tà òjé máa ń wà tẹ́lẹ̀,
ṣọ́bìrì kan nǹkan tí kì í ṣe òkúta.
Làmídì bu erùpẹ̀ náà, ó fi omi ṣàn án.
"Ẹ wá wo eyín eku!"
Kì í ṣe eyín.
ẹ. ẹ. ṣ. ọ. ọ. ọ. ẹ.
Gbogbo wọn ló ní àmì nísàlẹ̀,
gbogbo wọn ló ti gba ojú ibi tí ilẹ̀ ti là jábọ́,
ẹyọ kan, ẹyọ kan, láti ọdún gbọọrọ.

A ránṣẹ́ pe Bàbá Òjélabí ní Fókò.
Ogójì ọdún ló fi to lẹ́tà níbí
kí kọ̀ǹpútà tó gba àga nídìí rẹ̀.
Kò wojú lẹ́tà náà; àtàǹpàkò ló fi kà á.
"Ti ìwé ìròyìn ìjọ nìyí," ni ó wí.
Ó kà wọ́n: mọ́kàndínláàádọ́ta.
Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé,

"Ọmọ kan wà, Làtí, ará Mọ̀níyà.
Mo ní òun ló ń jí wọn tà
fún àwọn tó ń yọ́ òjé sídìí àwọ̀n.
Oṣù mẹ́rin ni mo fi yọ ọ́ nínú owó rẹ̀.
Ní oṣù karùn-ún, kò wá mọ́."

Súnkànmí ń wo wáyà òkè. Èmi ń wo bàtà mi.
Làmídì ló ní, ẹ dákun,
sìmẹ́ǹtì tí a ti pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.
Bàbá ṣí fìlà, ó kó àwọn lẹ́tà sí i, ó ká a pọ̀,
ó béèrè ibi tí ọkọ̀ Mọ̀níyà ti ń gbéra lóde òní.

A da kọnkéré, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ní jíjìn.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi bomi rin ín
láàárọ̀, lálẹ́, bí ẹni gbin tẹ̀tẹ̀;
àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn ń bi mí pé kí ló máa hù.
Ewúrẹ́ kan ti rìn ín kọjá lálẹ́ àkọ́kọ́.
Mo ní kí Làmídì dí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ó ní ẹ̀rọ ò ní mọ̀.

Lálẹ́ òní, awakọ̀ pè: ó ti kúrò ní Àpápá,
ó dé Ṣágámù, taya bẹ́, ibẹ̀ ni yóò sùn.
Ògiri wa ṣí sílẹ̀ gbayawu,
afẹ́fẹ́ ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Màmá gbé àga sójú ihò náà, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́,
ó ń ṣọ́ ilé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́
àfi ilẹ̀ tó tẹ́.
A ò tíì gbúròó Bàbá Òjélabí.